Ẹ̀rín Mi Tí Wọ́n Sọ Di Ẹkún ní Cocody

Kí ọmọ mi tó di òṣèré ni èmi ti ṣe eré. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi. Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí èèyàn fi ń dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ lára páálí ẹrù lọ. Etí títì ni mo ti ṣe tèmi, níwájú àwọn ṣójà, bùtá oníke kan wà lórí mi, oòrùn ọ̀sán sì ni iná tí wọ́n tàn sí mi lójú. Àwọn òǹwòran mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ẹ sọ fún mi, òṣèré wo ló tún gba owó iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ?

Ike ni mo ń tà ní Abobo Gare. Garawa, abọ́, ife, asẹ́, àti èyí tí gbogbo ọjà fi mọ̀ mí, ìyẹn bùtá àlùwàlá, tí àwọn Júlà, ẹ̀yà tó pọ̀ lọ́jà wa, ń pè ní sàtálà. Ní Abidjan tí Abobo wà yìí, Anango ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá, Anango sì ti di àwàdà láti ọjọ́ pípẹ́. Bí aláwàdà kan bá fẹ́ jẹun lórí tẹlifíṣọ̀n, yóò wé gèlè, yóò gbé abọ́ lérí, yóò máa sọ Faransé bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Bí aláwàdà náà ṣe ń lu àyà, tó ń fi Ọlọ́run búra lórí iye tí òun ra ọjà, èmi gan-an nìyẹn.

Ní ọdún tí ogun bẹ́ sílẹ̀, tí orílẹ̀-èdè pín sí méjì, àwàdà náà bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Gbogbo àlejò di afurasí. Bàbá àwọn ọmọ mi kó àwọn kékeré padà sílé ní Ejigbo. Èmi dúró pẹ̀lú àkọ́bí wa, ọmọbìnrin, nítorí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ó sì ń ṣe dáadáa. Abobo ni mo bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dáhùn. Bí mo bá ní, "Wá jẹun," á ní, "J'arrive, Maman," pé òun ń bọ̀. Faransé yẹn ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá di ojú gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé ilé Anango ló ti jáde.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ ọ ní ohun tí gbogbo wa ń kọ́ ọmọ wa nígbà náà. Mo ní, "Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró, o ò mọ̀ mí. Má wo ojú mi. Má pè mí. Ẹnu rẹ ni ìwé ìrìnnà rẹ." Ó ní, "Oui, Maman." A máa ń wọ ọkọ̀ kan náà, a ó sì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú á san owó tirẹ̀. Ìyá àti ọmọ tó ń ṣe bí àjèjì nínú gbàkà, ọkọ̀ akérò ibẹ̀: òṣèré ti pọ̀ ní Abidjan kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ eré fún wọn ní Cocody.

Lọ́jọ́ kan, a kan bàráàjì. Bàráàjì ni a ń pe ibi tí ṣójà bá ti na igi dínà. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Onílé àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àlejò, ẹ dúró sínú oòrùn. Ọmọ mi wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sọ Faransé díẹ̀, ó lọ sábẹ́ igi. Èmi dúró sínú oòrùn pẹ̀lú ẹrù ike mi.

Olórí wọn gba carte de séjour mi, káàdì tí àlejò fi ń gbé ìlú. Káàdì náà pé. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ìwọ. Èyí sanra."

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ogun yín tó dé ni wọ́n ya fọ́tò yẹn."

Ṣójà kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Olórí ní, "Háà! Anango tòótọ́ nìyí, bíi ti tẹlifíṣọ̀n! Ìyá arúgbó, gbé nǹkan yẹn lérí. Tà á fún wa."

Mo gbé sàtálà kan lérí. Mo ké e: "Sàtálà rèé o! Èyí tí kì í jò! Bó bá jò, èmi ni kí ẹ fi pọnmi!" Mo ju ìdí síhìn-ín, mo jù ú sọ́hùn-ún. Ó ní kí ni sàtálà mi fi dára ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹnu mi yìí, tí n kò rí ìjánu rẹ̀ rà rí, dáhùn kí n tó mọ̀: "Ọ̀gá mi, bí ọwọ́ bá tilẹ̀ dọ̀tí dé ìgbọ̀nwọ́ láàárọ̀, sàtálà yìí á fọ̀ ọ́ mọ́ kí a tó kírun ọ̀sán."

Mo rí ìka rẹ̀ lára ìbọn. Mo ti ń kí àwọn ará Ejigbo nínú ọkàn mi pé ó dàbọ̀. Ni ọ̀gá bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín, abẹ́ igi náà rẹ́rìn-ín. Ó dá káàdì mi padà, ó sì gba sàtálà náà. Mo ní, "Bó bá jò, ọ̀gá, ẹ gbé e wá kí n pààrọ̀ rẹ̀."

Bí mo ṣe máa ń sọ ìtàn náà lọ́jà nìyẹn. Obìnrin Júlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ta sùmbálà, irú tiwọn, tí mo ń pè ní Tàńtí nítorí ó jù mí lọ. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ọjà bá ti kú lọ́sàn-án, á pariwo, "Anango mùsò! Bàráàjì!" Mùsò ni obìnrin lédè wọn. Èmi á dìde. Mo ń ṣe ṣójà, mo ń ṣe dẹ́rẹ́bà tó tọ̀ sára, mo ń ṣe èmi fúnra mi. Ọdọọdún ni àwọn ṣójà náà ń pọ̀ sí i. Ìbọn ọwọ́ olórí wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àgbá. Ìtàn tí kò ní irọ́ díẹ̀ nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Ẹ má rò pé mo kàn ń fi ṣeré. Ìtàn yẹn ni mo fi ń gbé Abobo. Ẹni tó bá ti bá ọ rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn ún, ojú á tì í láti nàka sí ọ fún ṣójà. Nígbà kan tí àwọn ọmọkùnrin kan wá sọ́jà, tí wọ́n ń bèèrè ìsọ̀ àwọn àlejò, Tàńtí ló dúró níwájú ike mi. Ó ní, "Ẹ kọjá. Aláwàdà wa nìyí." Wọ́n kọjá. Mo ti wá mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, mo ní ibi tí mo lè tẹ́ ẹní mi sí.

Ọmọ mi nìkan ni kì í dúró gbọ́ ọ. Bí mo bá ti gbé sàtálà lérí, á ní òun ń lọ ra omi. Mo rò pé ojú mi ló ń tì í, bó ṣe máa ń rí fún ọmọ tó bá kàwé.

Ó wọ yunifásítì ní Cocody, ó ń kọ́ òfin. Lọ́jọ́ kan ó wá sọ fún mi pé òun ò ṣe òfin mọ́, eré orí ìtàgé ni òun fẹ́.

"Eré? Ọlọ́run mi! Mo jẹ́ kí bàbá rẹ kó àwọn àbúrò rẹ lọ sílé nítorí eré?"

"Maman, ẹ̀yin náà ń ṣe é lójoojúmọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti pa mí lẹ́rìn-ín ti borí mi, ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó gbani sílé ẹ̀kọ́ eré tó wà ní Cocody, èèyàn gbọ́dọ̀ dá dúró lórí pèpéle, kó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú méjì láìsí ẹni tí yóò bá a dá sí i. Pẹ̀lú èkíní, kí àwọn onídàájọ́ rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú èkejì, kí wọ́n sunkún. Òwò àrà! Ó wá bá mi ní ìsọ̀, ó ní, "Maman, ẹ kọ́ mi ní bàráàjì."

Inú mi dùn débi pé mo lé oníbàárà lọ. Mo gbé sàtálà lé e lórí.

"Má gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ọrùn lo fi ń pe oníbàárà."

"Báyìí?"

"Ìyẹn ọrùn Cocody, ọrùn tí kò gbé nǹkan rí. Jẹ́ kó wúwo."

Tàńtí dá sí i: "Ìdí ńkọ́? Anango tí kò ju ìdí, ta ni yóò ra ọjà rẹ̀?"

Ó ju ìdí. Àwọn aláta tó wà níwájú wa pàtẹ́wọ́. Ó kọ́ ohùn olórí ṣójà, ó kọ́ bí fìlà ṣe bọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ sàtálà kalẹ̀, ó bi mí pé, "Maman, níbo lẹ ń wò nígbà tí ẹ ń ké e?"

"Ojú ṣójà. Ibo ni kí n máa wò?"

"Ẹ ò wo abẹ́ igi?"

"Oníbàárà là ń wò, a kì í wo òǹwòran."

Ó ṣa sàtálà aláwọ̀ ewé kan tó ní ìlà funfun, ó ní òun á mú un lọ. Mo ní, "Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àbí?" Ó ní, "Ẹ wá wò ó, Maman." Èmi tí mo mọ̀ pé ẹni tí a pe iye fún tí kò dáhùn kò fẹ́ ra ọjà, mo gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, n kò fura.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi àti Tàńtí wọ aṣọ ọdún. Takisí gbé wa dé Cocody, níbi tí ajá pàápàá ti ní ọgbà tirẹ̀. Gbọ̀ngàn náà tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja yìnyín sí. Àwọn onídàájọ́ jókòó sẹ́yìn tábìlì, àwa òbí àti ọ̀rẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ jáde, ó ń ṣe ọba tí wọ́n fún ní májèlé jẹ. Ó ṣubú, ó dìde, ó sọ̀rọ̀, ó tún ṣubú. Tàńtí fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ṣé kò lè tètè kú kí àwọn tó kù ráyè ni?" Ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Wọ́n bojú wẹ̀yìn wò wá.

Wọ́n pe ọmọ mi. Ọ̀kan nínú àwọn onídàájọ́ ní kí ó ṣe ti ẹ̀rín. Mo gbára dì. Ṣùgbọ́n kò mú sàtálà. Ó jókòó sórí àga, ó di obìnrin kan tó ń ṣe irun, tó ń ṣépè fún àlè ọkọ rẹ̀, tí kò mọ̀ pé àlè náà gan-an ló ń di irun fún òun. Ó dára púpọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi pé tèmi dà?

Onídàájọ́ ní, "Ó ku ti ẹkún."

Ó lọ gbé sàtálà aláwọ̀ ewé náà, ó gbé e sáàárín pèpéle. Tàńtí pàtẹ́wọ́: "Bàráàjì!" Èmi ní, "Ó ti ṣì í. Ó ti ṣì í mú."

Kò ṣì í. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan sàtálà náà mọ́. Ọrùn tí mo kọ́ ọ, ìdí tí ó jù, kò lo ọ̀kankan. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di okùn àpò ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí níbẹ̀ mú, ó sì kéré lójú mi bó ṣe kéré nígbà náà. Faransé ló ń sọ. Ó ní abẹ́ igi tutù. Ó ní wọ́n bi òun pé ọmọ ta ni, òun sì dárúkọ bàbá ọmọ kíláàsì òun. Ó ní, "Obìnrin kan wà nínú oòrùn. N kò mọ̀ ọ́n. Ó gbé sàtálà lérí, ó ní kì í jò. N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kó ju ìdí, ó ju ìdí. N kò mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ó ní ṣójà kan fi ìgbọ̀nwọ́ kan òun, ó ní, "Ṣé o rí Anango yẹn?" Òun sì rẹ́rìn-ín. Òun rẹ́rìn-ín ju àwọn ṣójà lọ. Ó ní, "Ẹ má rò pé ẹ̀rù nìkan ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá mi wà lẹ́nu ikú, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́."

Wọ́n ń sunkún. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń fa ikun. Tàńtí ti di ọwọ́ mi mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ lọ́jà rí. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ọmọ ẹni, a kì í ṣì í gbọ́. Mo wà nínú oòrùn, mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi láàárín ti àwọn ṣójà, ó mọ́ gaara bí owó wẹ́wẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ọmọ yìí gbọ́n, ó ti yè. Nǹkan mìíràn sì gún mi níbi kan tí n kò wò láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtàn náà, mo yọ ẹ̀rín yẹn kúrò níbẹ̀, bí a ṣe ń yọ ike tó bá sán kúrò lórí àtẹ. Ọmọ mi ló wá lọ gbé e jáde síwájú àwọn ará Cocody.

Ó wá kúnlẹ̀. Ọmọ tí kò kúnlẹ̀ kí mi rí, tó jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bíi ti àwọn ọmọ ibẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó kọjú sí ibi tí mo jókòó, ó fi Yorùbá wíwọ́ rẹ̀ sọ pé, "Ẹ má bínú, ìyá mi." Kò dìde.

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá kúnlẹ̀ bẹ èèyàn, ẹni tí a bẹ̀ kì í dákẹ́. Á ní, "Dìde." Bí inú rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì rọ̀, á ní, "Dìde," ọ̀rọ̀ yòókù lè dúró dìgbà tí wọ́n bá délé. Ọmọ náà kò sì gbọ́dọ̀ dá dìde. N kò mọ̀ bóyá ìkúnlẹ̀ náà wà nínú eré tàbí kò sí, kò sì sí ẹni tí mo lè bi. Onídàájọ́ kan ti gbé bírò sílẹ̀. Tàńtí fà mí láṣọ: "Ọmọ rẹ wà lórí ìkúnlẹ̀. Sọ̀rọ̀."

Bí mo bá ní "Dìde," mo ti gbà níwájú gbogbo wọn pé kì í ṣe eré ni mo ń ṣe nínú oòrùn yẹn. Mo ti gbà pé wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà, àti pé ẹ̀jẹ̀ mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọdún tí mo ti ń pa ọjà lẹ́rìn-ín, mo ti sọ ọ́ di ẹkún pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o kàn fẹ́ kúnlẹ̀ ti ọjà mi?"

Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohùn Anango. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n rò pé bí èmi àti ọmọ mi ṣe tò ó nìyẹn. Àwọn onídàájọ́ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé orúnkún kan, ó gbé èkejì, ó gbọn eruku, ó dá dìde.

Wọ́n gbà á. Onídàájọ́ kan wá bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní n kò ṣe bí ẹni tó ń ṣe eré rárá, ó bi mí bóyá mo ti ṣe é rí. Mo ní, "Lẹ́ẹ̀kan."

Nínú takisí, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Abobo, Tàńtí yíjú sí mi. Ó wá ní, "O ò sọ fún wa pé ọmọ náà wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ò bi mí."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, gbogbo ọjà ti gbọ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bèèrè bàráàjì lọ́wọ́ mi mọ́. Ọjà á kú, Tàńtí á máa wo irú rẹ̀. Ìgbà kan tí mo gbé sàtálà lérí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí, tí mo ní, "Ọ̀gá, kí ogun yín tó dé ni wọ́n ya fọ́tò yẹn," obìnrin aláta kan ní, "Pẹ̀lẹ́, Maman." Pẹ̀lẹ́! Mo sọ sàtálà kalẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé wọn ò ná ọjà mi mọ́. Iye tí mo bá kọ́kọ́ pè ni wọ́n ń san. Mo kọ́kọ́ rò pé Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn, àfi nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe ń fún mi ní owó náà: wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì fún mi, wọn ò wo ojú mi, bí a ṣe ń fún ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Inú bí mi. Mo gbé owó lé ọjà kí wọ́n lè bú mi. Lọ́jọ́ kan mo pe garawa kan ní iye tí ojú ti èmi fúnra mi. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ṣí pọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ní sọ pé olè ni mí?" Ó ní, "Ẹ gbà á, Maman. A mọ ohun tójú yín rí." Wọn ò mọ nǹkan kan. Èyí tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló dára jù.

Ọmọ mi ti ń gbé eré náà kiri báyìí, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, láti ìlú dé ìlú. Wọ́n tilẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ mi kún un. Ọmọbìnrin kan máa ń jókòó sáàárín àwọn òǹwòran, bí ọmọ mi bá ti kúnlẹ̀, yóò pariwo bèèrè bóyá ó fẹ́ rà á. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù: Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti òyìnbó tó jẹ ata. Ní gbogbo ìlú tí wọ́n bá dé, ọmọ mi á kúnlẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ rà á, á sì dá dìde.

Ó pè mí láìpẹ́. Ó fi Yorùbá wíwọ́ rẹ̀ kí mi dáadáa, ó bèèrè Tàńtí, ó bèèrè bàbá rẹ̀ ní Ejigbo. Lẹ́yìn náà ló ní ẹni tó ń darí eré wọn fẹ́ yí ìparí rẹ̀ padà. Ó ní ọkùnrin náà ti gbọ́ pé ohun mìíràn ló yẹ kí ìyá sọ bí ọmọ bá kúnlẹ̀.

"Kí lẹ rò, Maman? Ṣé kí ìyá ní kó dìde?"

Mo ní, "Ṣé èyí tó wà níbẹ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó padà sí Faransé rẹ̀, ó ní ó dáa, wọ́n ń pe òun.